Ẹni tó ni ìsọ̀ ni kó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání

Bí ènìyàn bá dé ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ lónìí, yóò rí ohun méjì lórí àtẹ ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀. Èkíní ni ọjà tí wọ́n ń tà: ata, aṣọ, ọṣẹ, gàrí, epo. Èkejì ni tẹlifóònù. Láàárọ̀, kí èrò ọjà tó pọ̀, ìyá tó ni àtẹ á ti ya àwòrán ọjà tuntun, á sì ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan á ti pè é láti Kútọnu, ẹlòmíràn á ti pè é láti Parakú, pé kó bá òun fi méjì pamọ́. Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ni í kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ kì í ṣe bóyá kí àwọn oníṣòwò kéékèèké wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa kọ́ ìsọ̀ náà tí kò fi ní wó, bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe tí èrè fi máa wà níbẹ̀, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Obìnrin kan ń ṣe ọṣẹ. Ọṣẹ rẹ̀ dára, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga wá bá a, ó ní kí ìyá jẹ́ kí òun ṣí ojú ewé kan fún ọṣẹ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tẹlifóònù ti ara rẹ̀ ló fi ṣí i, nítorí pé òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọjà tà. Àwọn oníbàárà wá láti Kútọnu, àní láti Lómè pàápàá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ náà rí iṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà, tẹlifóònù tó ń lò tẹ́lẹ̀ sì bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo oníbàárà ọdún mẹ́ta pòórá. Kò sí ẹni tó jalè níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó jà. Ìyá ọlọ́ṣẹ kàn wá mọ̀ ní ọjọ́ náà pé inú ìsọ̀ tí kì í ṣe ti òun ni òun ti ń tajà láti ìgbà yẹn wá.

Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò ní ọ̀nà mìíràn tẹ́lẹ̀ ju kó fi ọjà rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ní alaalẹ́, tó ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ àti bí a ṣe ń ṣírò owó, kò sí nínú ipò yẹn mọ́. Ohun tó kọ́ ti tó láti fi di kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ mú. Èyí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kíkiri, àtẹ, àti ilé ara ẹni

Kò sí ohun tó ṣòro nínú òye ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó mọ ọjà ilẹ̀ wa. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà tajà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì jọ ohun tí ojú ti rí rí.

Èkíní dà bí kíkiri. Ẹni tó ń gbé àwòrán ọjà sí ojú Status ní WhatsApp ń kiri ni. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà nígbà tó ń kọjá yóò rí i. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní rí i, nítorí pé lẹ́yìn wákàtí 24 àwòrán náà á parẹ́. Kíkiri dára, ó máa ń tètè mú owó wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kiri kò ní ibi tí oníbàárà lè padà sí láti wá a.

Èkejì dà bí àtẹ ní iwájú ilé onílé. WhatsApp Business, tó jáde ní ọdún 2018 tí kì í sì í gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré kó tó lò ó, ní àtẹ kan nínú tí wọ́n ń pè ní catalogue. Ohun tí ènìyàn bá pa sí i kì í parẹ́. Ọjà tó tó 500 ni ó lè gbà, tòun ti àwòrán, orúkọ àti iye owó. Ojú ewé Facebook náà jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò má gbàgbé pé iwájú ilé onílé ni òun pàtẹ sí. Bí onílé bá yí òfin ilé padà, tàbí tó bá ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹjọ́ tí alátẹ lè rò.

Ẹ̀kẹta ni ilé tí ènìyàn kọ́ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀: ìkànnì tirẹ̀ gan-an, tó ní orúkọ tirẹ̀, irú èyí tó ń parí sí .bj ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó orúkọ náà, ẹni tó bá gbàgbé láti san án lè pàdánù rẹ̀. Ilé yìí níyì, ó sì wúlò fún ẹni tí ọjà rẹ̀ ti gbòòrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fi owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ọjà kọ́ ìkànnì ńlá tí kò sí ẹni tó ń yà síbẹ̀. Bí a bá ń gún iyán nínú odó kékeré, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Àtẹ lórí WhatsApp ti tó fún oníṣòwò kékeré láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá pọ̀ tó, owó ọjà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ ilé.

Ìpolówó tí kò ní ohùn

Nínú ọjà ilẹ̀ wa, ìpolówó ọjà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò sọ ohun tó ń tà, yóò sọ bó ṣe dára tó, ẹni tó ń lọ á sì dúró. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a kọ ló dípò ohùn yẹn. Oníbàárà kò lè fọwọ́ kan ọjà, kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, kò lè tọ́ ọ wò. Ohun tí ó bá rí àti ohun tí ó bá kà nìkan ni ó ní.

Ẹni tó ń ya àwòrán ọjà kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lẹ́nu ọ̀nà dára ju iná inú ilé lọ. Aṣọ funfun kan tó mọ́, tí a tẹ́ sí abẹ́ ọjà, ti tó. Kí a fi ọwọ́ tàbí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ bó ṣe tóbi tó. Àwòrán ọjà tí a fẹ́ tà gan-an ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tí a rí lójú ewé ẹlòmíràn. Ẹni tó fi àwòrán aṣọ olówó ńlá ta aṣọ tí kò tó bẹ́ẹ̀ yóò tà lẹ́ẹ̀kan, kò ní tà lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn àwòrán ni ọ̀rọ̀. Ohun márùn-ún ló yẹ kí ẹni tó mọ̀wé kọ sí abẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ohun tí a fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti ìlú tó wà. Lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Obìnrin tó ń ta gàrí mọ ohun tí tongolo kan jẹ́, ẹni tó ń rà á lọ́jà sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Kétu tó ń gbé ní ìlú Paris, tó fẹ́ rà á ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ilé, lè ti gbàgbé, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ ọ́n rárá. Kí a kọ kílò sí i. Òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

Ní ti iye owó, àṣà kan wà tó ń lé oníbàárà sá. Oníṣòwò á gbé àwòrán síta, á wá kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá béèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rò pé òun ń fi ọgbọ́n ṣe é. Oníbàárà ní tirẹ̀ ń rò pé iye tí wọ́n bá rí lójú òun ni wọn yóò pè fún òun. Lójú ọjà, ìdúnàádúrà dùn, nítorí pé ẹni méjì ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fẹ́ kí àárín wọn gún. Nínú tẹlifóònù, ó máa ń gba àkókò, ó sì máa ń bí ni nínú. Kí a kọ iye tó tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú àánú wo oníbàárà ṣì ní ènì lọ́wọ́. Ọṣẹ kékeré kan tí a fi sínú àpò lẹ́yìn èyí tó san owó rẹ̀ yóò sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ láti ọ̀nà jíjìn.

Èdè wo ni ká fi kọ ọ́? Èdè tí oníbàárà gbọ́. Yorùbá dára fún ará Kétu, Ṣábẹ, Pobè àti Sákẹ́tẹ́, ó sì yẹ kí a rí i kà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà fún gbogbo Kútọnu yóò fi Faransé díẹ̀ kún un, kó wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa láti bá a wò ó. Fún oníbàárà tí kò mọ̀wé, ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú WhatsApp yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Owó tí a rí, owó tí a gbọ́

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, owó orí tẹlifóònù ti mú kó rọrùn láti sanwó láti ìlú dé ìlú. MTN, Moov àti Celtiis ló ń ṣe é, àwọn ilé iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bíi FedaPay àti KkiaPay sì ń bá àwọn tó ní ìkànnì tiwọn gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní gayman, mọ ibi tí ògiri ti lanu.

Ibi àkọ́kọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ èké. Oníbàárà á ní òun ti sanwó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan á sì wọlé tó jọ ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù gẹ́lẹ́. Oníṣòwò á gbé ọjà fún ọlọ́kadà, ọjà á lọ, kò sí owó. Ọ̀nà àbáyọ kò le: kí oníṣòwò má ṣe gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́, àfi iye tó wà nínú àpò owó rẹ̀. Kó ṣí àpò náà fúnra rẹ̀, kó ka iye tó wà níbẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Owó tí a rí ni owó, èyí tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kò tíì di owó.

Ibi kejì ni kóòdù àṣírí. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kankan tó yẹ kó béèrè kóòdù yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ tutù tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ òǹkà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ ilé bá òun tẹ kóòdù náà mọ́. Kó kọ́ ọ sórí, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Oníbàárà pẹ̀lú ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sanwó, òun lè má rí ọjà. Nítorí náà, ó tọ́ kí oníṣòwò gbà kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí san owó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀, tàbí kó san ìdajì ṣáájú kó san ìdajì lẹ́yìn. Kí oníṣòwò sọ iye owó ọlọ́kadà tàbí ti ọkọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò, kó má jẹ́ ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni wọn yóò ti máa bá a fà á. Kó sọ ohun tí yóò ṣe bí ọjà bá fọ́ tàbí tí kò bá bá àwòrán mu, kó sì ṣe é bó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni dókítà ìsọ̀

Kíkọ́ ìsọ̀ kò le tó títún un ṣe. Àwọn tó ń ta ìmọ̀ràn yóò sọ fún oníṣòwò pé kó ra ìpolówó, kó ra èyí, kó ra tọ̀hún. Kó tó náwó kankan, kó kọ́kọ́ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò. Kó la ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin. Nínú èkíní, kó kọ iye àwọn tó béèrè ọjà lọ́jọ́ kan. Nínú èkejì, iye àwọn tó rà. Nínú ẹ̀kẹta, iye àwọn tó tún padà wá. Nínú ẹ̀kẹrin, ìbéèrè tí wọ́n ń bi í.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá béèrè bóyá ọṣẹ náà dára fún ara ọmọdé, ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àwòrán, kí ẹni kọkànlá má baà béèrè. Bí ọ̀pọ̀ bá béèrè tí wọn kò sì rà, ó ṣeé ṣe kí iye owó tàbí owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá rà lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò padà wá, inú ọjà fúnra rẹ̀ ni kí a wò. Kò sí àwòrán tó lè tún ọjà tí kò dára ṣe.

Ìwé yìí kan náà ni yóò sọ bóyá èrè wà. Ká sọ pé ọṣẹ kan ń lọ ní 500 fàráǹkì. Ohun tí a fi ṣe é jẹ́ 300, ọ̀rá tí a fi dì í jẹ́ 50. Ohun tó kù jẹ́ 150. Ká tún sọ pé oníṣòwò ń san 2.000 fàráǹkì fún íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù. Bó bá ta ọṣẹ 10 lóṣù, 1.500 ni yóò rí, gbèsè 500 ló sì jẹ. Bó bá ta 40, 6.000 ni yóò rí, 4.000 ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ lè máa yọ̀ ní oṣù tó jẹ gbèsè, nítorí pé owó ń wọlé lójú rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà pẹ̀lú. Bí oníṣòwò bá fẹ́ wu oníbàárà, tó wá fi 500 fàráǹkì ti ara rẹ̀ gbé ọṣẹ kan ṣoṣo lọ bá a, ó ti pàdánù 350. Ṣùgbọ́n bó bá di ọṣẹ mẹ́fà pọ̀, tó ń tà á ní 3.000, èrè mẹ́fà náà jẹ́ 900. Bó tilẹ̀ san 500 fún ọlọ́kadà, 400 ṣì kù. Ọjà kan náà ni, ọlọ́kadà kan náà ni. Ìṣirò ló yàtọ̀. Irú àtúnṣe báyìí kò wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé kankan, inú ìwé àkọsílẹ̀ ló ti wá.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta

A padà sórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Mẹ́ta ni wọ́n, ọwọ́ oníṣòwò sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà.

Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tẹlifóònù. Káàdì SIM tí a fi ṣí ìsọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹni tó ni ọjà, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí tẹlifóònù bá sọnù, òun ni yóò lè lọ gba nọ́ńbà náà padà.

Èkejì ni kóòdù. Nígbà tí WhatsApp bá fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tó bá gba nọ́ńbà mẹ́fà náà ti gba ìsọ̀. A kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, a kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ní òun ṣèèṣì fi í ránṣẹ́ ni. Kóòdù kejì tún wà tí oníṣòwò lè fi kún un fúnra rẹ̀, kí olè tó mọ àkọ́kọ́ má lè wọlé síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àṣẹ lórí ojú ewé. Bí ojú ewé bá wà lórí Facebook, tàbí tí orúkọ .bj bá wà, orúkọ oníṣòwò ni kó wà nínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olúwa rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a lé ọmọ jìnnà. Ọmọ mọ ohun tí àgbà kò mọ̀ lórí ẹ̀rọ, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. WhatsApp gbà kí a so tẹlifóònù ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ mọ́ ìsọ̀ náà, kí a sì tú u nígbà tí a bá fẹ́. Ọmọ á ṣiṣẹ́, ìyá á di kọ́kọ́rọ́ mú. Kí a sì san owó iṣẹ́ ọmọ náà fún un. Ìsọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé gbogbo ẹbí kì í dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí oníṣòwò kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé kan ní ilé. Bí tẹlifóònù bá jábọ́ sínú omi lọ́la, ìwé náà ṣì wà.

Ohun tó kù fún àwọn tó wà lókè

Ìjọba ti ṣe nǹkan kan. Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, sọ̀rọ̀ nípa òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, nípa ààbò ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni àti nípa ìwà ọ̀daràn níbẹ̀. Àjọ APDP ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí yìí. Nítorí náà, oníṣòwò tó ń gbé àwòrán oníbàárà síta láìgba àṣẹ, tàbí tó ń ta nọ́ńbà wọn fún ẹlòmíràn, kò hùwà tó tọ́. Láti ọdún 2020, ènìyàn tún lè fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkànnì monentreprise.bj láìrin ìrìn àjò lọ sí Kútọnu. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn wúlò: ó ń mú kí oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn gbà pé ẹni gidi ló ń bá òun ṣòwò.

Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo èyí. Faransé ni ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ owó náà fi ń wọlé. Obìnrin tó lo ọdún méjì láti kọ́ ìwé kíkà ní Yorùbá tún ní láti wá ẹni tí yóò túmọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ owó ara rẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni àwọn kan sì ti ń rẹ́ ẹ jẹ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ará Ṣábẹ lè bá ará Ṣábẹ sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Ó tọ́ kí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó yan Yorùbá, Fọ̀n, Bàrìbá tàbí Dẹ̀ǹdì fún àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ó sì tọ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà fi kíka àtẹ̀jíṣẹ́ owó, kíkọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ ọjà àti pípa kóòdù mọ́ kún ẹ̀kọ́ wọn. Àgbàlagbà tó rí i pé ìwé tí òun kọ́ ń mú owó wọlé kò ní fi kíláàsì sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò pa ọjà ojúkojú. Ẹ̀rù yìí kò yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi rẹ́rìn-ín. Ọjà ilẹ̀ wa ju ibi ìtajà lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ ni a ti ń pàdé àna, ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Kò sí tẹlifóònù tó lè ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kò tó ọjọ́ tí ènìyàn ń jẹun. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ná ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́ta wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà fún. Kí oníṣòwò má ṣe tú àtẹ rẹ̀ ká nítorí rẹ̀. Kó jẹ́ kí àtẹ ojúkojú mú oníbàárà wá fún èyí tó wà nínú tẹlifóònù, kí èyí tó wà nínú tẹlifóònù sì mú èrò wá sídìí àtẹ.

Bí ìyá ọlọ́ṣẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, nọ́ńbà tirẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ tirẹ̀, àti ọwọ́ tirẹ̀ tó ti mọ bírò í dì mú. Ọdún mẹ́ta tó lọ kò ní padà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá wá lọ́tẹ̀ yìí, ti ìyá ni.